Iná Tí A Sanwó Rẹ̀, Ta Ló Ni Ín?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn baba wa kò bá pàdé, kì í ṣe pé ọgbọ́n wọn kò tó láti bi í, bí kò ṣe pé ohun tí ó bí ìbéèrè náà kò tíì dé ilé ayé nígbà tiwọn: bí ọkùnrin kan bá fi owó òógùn ojú rẹ̀ ra iná mànàmáná, tí ó sì ń fà á sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó gbé sí àgbàlá ara rẹ̀, tí gílóòbù ilé keje sí tirẹ̀ sì tìtorí bẹ́ẹ̀ pọ́n wẹ́ẹ́, tí fíríìjì aládùúgbò rẹ̀ sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ǹjẹ́ ọkùnrin náà jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè níwájú Ẹlẹ́dàá, àbí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń lò? Èmi gbà pé ó jẹ gbèsè. Mo sì gbà pẹ̀lú pé gbèsè náà kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn máa ń tètè kà sí i lọ́rùn, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ kí a fara balẹ̀ yẹ ọ̀ràn náà wò tọ̀tún tòsì, kí a má baà dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, kí a má sì dá ẹlẹ́bi láre.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná ni mo gbé dé agbègbè Ọ̀jọ́ lè rò pé ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ni mo ń dà láàmú ilẹ̀ Àwórì, ọmọ Ògúnfúnminíre. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí àwa àti àwọn ará Jámánì jọ dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lẹ́bàá òpópónà tó lọ sí Àgbádárìgì, tí ọkọ̀ ìjàpá sì ń ti ibẹ̀ jáde lọ sí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Títí di òní olónìí, bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ dáńfó bá ti ké “Volkswagen,” èrò mọ ibi tí òun yóò ti sọ̀ kalẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Jámánì ti kó ẹrù wọn lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Inú ọgbà kan náà yẹn ni ilé-iṣẹ́ Stallion ti to Hyundai Kona pọ̀, ọkọ̀ tí kì í mu epo rárá, tí wọ́n sì gbé jáde fún aráyé rí ní ọdún 2020, ní 24 mílíọ̀nù náírà. Nítorí náà, láàárín Navy Town tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ń gbé, àti Ìba níbi tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí láyé ọjọ́un, àti Òkókómáíkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU kún inú yàrá rẹ̀ fọ́fọ́, ọkọ̀ oníná kì í ṣe àlejò. Ọmọ bíbí àdúgbò ni. Ó sì yẹ kí àdúgbò tí ó bí i mọ irú oúnjẹ tí ó ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Yúnìtì tí à ń rà sínú mítà, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní kilowatt-hour, ni yóò jẹ́ òṣùwọ̀n wa. Bátìrì Kona tí mo dárúkọ yẹn ń gba yúnìtì 64, ó sì lè fi í rin ohun tó lé ní 400 kìlómítà lójú ọ̀nà tó dán. Bí a bá sì ro èyí tí ń ṣòfò dànù sínú ooru nígbà tí iná bá ń wọnú bátìrì mọ́ ọn, ohun tí mítà ilé yóò kà fún 100 kìlómítà kò jìnnà sí yúnìtì 17. Ojú irin aláwọ̀ búlúù tí ìjọba Èkó ń ṣe bọ̀ láti Màríńà títí dé Òkókómáíkò gùn ní kìlómítà 27, ẹ jẹ́ kí a fi ṣe ìdiwọ̀n ọ̀nà ẹni tí ń gbé Òkókómáíkò tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ di 54, ọkọ̀ náà yóò sì jẹ yúnìtì 9. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 rí nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí ó ti gbogbo fèrèsé, tí ó sì tan ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀, mọ̀ pé kò sí ohun tí ó tọ̀nà bí kí a pè é ní 10. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù sọ ọ́ di yúnìtì 220. Ní iye tí àwọn tí a kà sí Band A, èyíinì ni àwọn tí iná wọn ń pé wákàtí 20 lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í san ní oṣù keje ọdún 2024, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 209 náírà fún yúnìtì kan, owó náà kò ju 46,000 náírà lọ, nígbà tí ọkọ̀ elépo tí ń fi lítà kan rin kìlómítà 10 yóò mu lítà tó súnmọ́ 120 lórí ìrìn kan náà, bí a bá sì ka lítà epo sí 900 náírà, owó rẹ̀ ti lé ní 100,000. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ojú wa rí lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò ní bá ẹni tí ó ra ọkọ̀ oníná jà pé ó fẹ́ sinmi lọ́wọ́ ilé epo. Ọlọ́gbọ́n ni.

Ṣùgbọ́n ojú méjì ni òṣùwọ̀n ní. Yúnìtì 220 tí ó kéré lójú ẹni tí ń fi í wé epo bẹntiróòlù, ẹ jẹ́ kí a fi í wé ohun tí ọmọ ènìyàn ń rí lò. Bí a bá pín gbogbo iná tí à ń lò ní Nàìjíríà fún gbogbo wa lọ́gbọọgba, t'ọmọdé t'àgbà, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í tó yúnìtì 200 ní odidi ọdún kan. Oúnjẹ ọkọ̀ kan fún oṣù kan ṣoṣo, tí ó kàn ń gbé ènìyàn kan lọ síbi iṣẹ́ tí ó sì ń gbé e bọ̀, ti ju ìpín ọmọ Nàìjíríà kan fún ọdún kan lọ. N kò sọ èyí láti fi ọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni lára. N kò sì gbà pé ẹni tí ó ní ju ẹlòmíràn lọ ti ṣẹ̀ nítorí pé ó ní. Ìka kò dọ́gba, Olódùmarè ni ó sì dá a bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a mọ̀ ni pé kì í ṣe ohun kékeré ni à ń gbé wọ ilé, àti pé ilé tí ó gbà á wọlé ti di ilé méjì tàbí mẹ́ta lórí wáyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé kan náà ni ń gbé inú rẹ̀.

Síbẹ̀, iye kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀. Wákàtí ni, àti bí a ṣe ń fà á. Fáànù àjà kan ń jẹ wọ́ọ̀tì 70 tàbí bẹ́ẹ̀; bí ó bá yí láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago márùn-ún ìdájí, kò jẹ ju ìdajì yúnìtì àti díẹ̀ lọ lóru kan. Yúnìtì 10 tí ọkọ̀ náà fẹ́ jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan tó fún fáànù 17 láti fẹ́ ènìyàn 17, tàbí ìdílé 17, tí ooru Èkó kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Wàyí o, bí olówó náà bá ra ẹ̀rọ ńlá tí ń fa kìlówọ́ọ̀tì 7, yóò gba yúnìtì 10 rẹ̀ láàárín wákàtí kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò náà ìwúwo rẹ̀ lórí wáyà yóò jẹ́ ti 100 fáànù tí a tan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá sì jẹ́ ihò iná ara ògiri lásán ni ó ki wáyà rẹ̀ bọ̀, tí ó ń fa kìlówọ́ọ̀tì 2 àti díẹ̀, yóò pẹ́ tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, ìwúwo rẹ̀ kì yóò sì ju ti 33 fáànù lọ. Iye tí ó rà kò yí padà. Owó tí ó san kò yí padà. Ohun tí ó ṣe sí ẹni kejì ni ó yí padà pátápátá. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé owó kò lè jẹ́ ìdáhùn ìbéèrè wa, nítorí pé òṣùwọ̀n owó kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwà méjì tí ẹ̀rí-ọkàn mọ̀ dájúdájú.

Ẹ wá wo tiransifọ́mà àdúgbò kan bí ó ti sábà máa ń rí. Orí pèpéle sìmẹ́ńtì ni ó jókòó sí, lẹ́yìn wáyà tí ipata ti jẹ, a kọ 500 kVA sí ara rẹ̀, òróró inú rẹ̀ ti ń kán láti ọjọ́ pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fi dúdú tí koríko kò sì hù níbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ iná sì ti fi wáyà lásán lọ́ ibi tí fíúsì yẹ kí ó wà. Fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ni ó ń pín iná sí. Bí ọ̀kan bá jó, àwọn tí wọ́n wà lórí rẹ̀ a yí ilé wọn sórí èkejì, èkejì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, a óò máa pè é ní “háàfù kọ́rẹ́ǹtì”: gílóòbù á pọ́n, fáànù á máa yí tí ènìyàn lè ka apá rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tí ń fa omi lábẹ́ ilẹ̀ á máa kùn láì gbé omi sókè. Bí ọkọ̀ oníná mẹ́wàá péré bá ń fa kìlówọ́ọ̀tì 7 lẹ́ẹ̀kan náà lórí fẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, wọ́n ti gba ju ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tí fẹ́ẹ̀sì náà lè gbé. Nígbà tí tiransifọ́mà náà bá sì bú, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀: ẹgbẹ́ onílé yóò pe ìpàdé, wọn yóò bu owó lé ilé kọ̀ọ̀kan lórí, opó tí ń ta ẹ̀kọ yóò san tirẹ̀, ọmọ LASU tí ó gba yàrá kan yóò san tirẹ̀, òkùnkùn yóò sì jẹ́ ti gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ta ni yóò wá sọ pé iná tí ń bọ̀ láti inú ohun tí a jọ dá owó tún ṣe jẹ́ ti òun nìkan, nítorí pé òun ra káàdì?

Àwọn Mùsùlùmí ní hádíìsì kan tí ó wà nínú àkójọ Abu Dawud, nínú èyí tí a ti gbọ́ pé Ànábì ka nǹkan mẹ́ta sí ohun àjọni láàárín àwọn onígbàgbọ́, èyíinì ni omi, koríko tí ẹran ń jẹ, àti iná. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ààfáà, n kò sì ronú pé mítà àti wáyà lè tìtorí rẹ̀ wọ ilé-ẹjọ́ ẹ̀rí-ọkàn. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti ṣàlàyé pé omi tí ènìyàn bá ti pọn sínú ìkòkò ara rẹ̀ ti di tirẹ̀, ó lè tà á, ó lè mu ún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá gbà á. Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, iná tí ó ti wọnú bátìrì ti di ti ọlọ́kọ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ̀bi tàbí àre wà lẹ́nu kànga, ní àkókò tí ó ń fà á, nítorí pé kò sí ẹ̀sìn kan lábẹ́ ọ̀run tí ó fún ẹni tí ó ní ìkòkò ńlá láṣẹ láti dúró sí ẹnu kànga ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹlòmíràn má rí àyè sọ okùn sílẹ̀.

Ti iná gan-an tilẹ̀ jinlẹ̀ ju ti omi lọ. Ní ayé àtijọ́ tí igi ni à ń fi dáná, bí iná ilé ẹnì kan bá kú, ọmọdé á mú àpáàdì, á lọ sí ilé kejì, ìyá tí ó bá níbẹ̀ á sì ti ẹyin iná kan sórí rẹ̀ fún un, á sì máa bá ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò pàdánù ohunkóhun. Iná rẹ̀ kò tìtorí èyí dín ooru, ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì tìtorí èyí pẹ́ jinná. Lára irú ọrẹ yẹn ni àwọn àgbà ti kọ́ pé ahun paraku nìkan ni ń fi iná du aládùúgbò, ìmọ̀ràn náà sì tọ́, ó sì rọrùn láti tẹ̀ lé nítorí pé kò náni ní nǹkan kan. Iná tiwa òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo bá fà, mo fà á kúrò níbi tí ìwọ ń fojú sí. Fún ìdí èyí, ohun tí ó jẹ́ inú rere lásán fún ìyá oníyàrá-ìdáná ti di ọ̀ràn òdodo fún wa, òdodo sì le ju inú rere lọ, nítorí pé ẹni tí kò ṣe inú rere lè wí pé òun kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rú òdodo kò ní àwáwí.

Mo mọ ẹsẹ Bíbélì tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní, ṣé ìwọ kò ka òwe tí Jésù pa nípa àwọn wúńdíá mẹ́wàá ni, nínú Ìhìn Rere Mátíù, níbi tí àwọn ọlọ́gbọ́n márùn-ún ti kọ̀ láti fún àwọn aláìgbọ́n ní òróró, tí Olúwa kò sì bá wọn wí? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, mo sì ti rò ó títí. Ẹni tí ó bá múra sílẹ̀ kò yẹ kí ó jìyà nítorí ẹni tí kò múra. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé olúkúlùkù àwọn ọlọ́gbọ́n náà ni ó ní kólòbó òróró tirẹ̀. Àtùpà ẹnì kan kò ṣe bàìbàì nítorí pé ti ẹnì kejì kún. Orí wáyà tiwa, inú kólòbó kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń mu. Nítorí náà, lójú tèmi, kì í ṣe ẹni tí ń fa kìlówọ́ọ̀tì 7 ní aago méje alẹ́ ni òwe náà ń jẹ́rìí fún, bí kò ṣe ẹni tí ó lọ sí ọjà Alábà níhìn-ín nínú Ọ̀jọ́, tí ó ra páànẹ́ẹ̀lì oòrùn, tí ó tò ó sórí òrùlé ara rẹ̀, tí ó sì ń fi oòrùn Ọlọ́run bọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Ẹni yẹn ni òróró wà nínú kólòbó tirẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti fún mi nínú rẹ̀, n kò ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan wà tí gbèsè tiwọn wúwo ju èyí lọ, ọ̀rọ̀ wọn kò sì pẹ́ẹ́ sọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí a ti gbé owó Band A gòkè sí 225 náírà, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, àwọn tí iná wọn kò pé wákàtí 20 lóòjọ́ ṣì ń san owó tí kò tó ìdajì ìyẹn, nítorí pé ìjọba ṣì ń kún un fún wọn. Kíkún náà, nítorí mẹ̀kúnnù ni. Bí ẹni tí ó lówó láti ra ọkọ̀ oníná bá ń gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń fi iná olówó pọ́ọ́kú kún bátìrì yúnìtì 64, oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni ó ń bu fún ọkọ̀ rẹ̀ jẹ, bí òfin tilẹ̀ gbà á láyè. Ẹni tí kò ní mítà, tí à ń fi ojú díwọ̀n bíìlì fún, tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé gbogbo àdúgbò ni yóò jọ ru ohun tí ó jẹ. Ti ẹni tí ó fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà, olè ni. Ní ọdún 1964 ni Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ère Ṣàngó sí iwájú ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ní Màríńà, Ṣàngó Olúkòso, Arẹ̀kújayé, ọkọ Ọya, ó sì wà níbẹ̀ títí tí ECN fi di Nẹ́pà, tí Nẹ́pà fi di PHCN, tí a sì fi tà á fún àwọn onílé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo ère náà bí àmì agbára. Àwọn tí ó mọ òrìṣà mọ̀ pé agbára nìkan kọ́ ni Ṣàngó dúró fún, pé òun kan náà ni kì í gbojú fo olè, tí kì í sì fẹ́ òpùrọ́, àti pé ẹdùn ààrá kì í já lu ilé láìnídìí. Àwọn tí ó gbé òrìṣà ìdájọ́ síwájú ilé iná, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀, ṣe ohun tí ó tọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní òun kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú lórí wáyà, òun yóò tan jẹnẹrétọ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré inú ilé ń mu nǹkan bí ìdajì lítà epo kí ó tó mú yúnìtì kan jáde. Yúnìtì 10 yóò mu lítà 5, èyí tí ọkọ̀ elépo ìbá fi rin ọ̀nà náà gan-an. Kò jèrè ohun kan ju pé ó gbé èéfín kúrò lójú títì wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọmọ ọlọ́mọ. Nípa ariwo rẹ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Bí ọ̀ràn yìí ti ń yọ àwa lẹ́nu ni ó ń yọ àwọn tí ó ní iná jù wá lọ lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí jọjọ ní Peckham àti káàkiri ìlú London, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ó pàṣẹ pé ẹ̀rọ ìfàná ọkọ̀ tuntun tí a bá gbé sí ilé gbọ́dọ̀ ti ilé-iṣẹ́ wá pẹ̀lú ètò tí kì yóò jẹ́ kí ó fa iná láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá òwúrọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́, àyàfi bí onílé fúnra rẹ̀ bá yí i padà. Wọ́n tún ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú díẹ̀ falẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wọn má baà já lu wáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí wú mi lórí púpọ̀. Àwọn tí tiransifọ́mà wọn kì í sábà bú, tí iná wọn kì í lọ, ni ó kọ ìkóra-ẹni-níjàánu sínú ẹ̀rọ. Tí a bá sì gba òpópónà wa yìí kọjá Àgbádárìgì dé Sẹmẹ, tí a wọ Kútọnu, a óò rí àwọn ọlọ́kadà tí ń gun alùpùpù oníná ti ilé-iṣẹ́ Spiro. Wọn kì í fa iná nílé rárá, ibùdó ni wọ́n ń yà sí láti gbé bátìrì tí ó ti tán sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé èyí tí ó kún.

Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí pé ó dá lórí ohun tí àwa kò ní. Ó gbà pé iná yóò wà ní òru. Ní àdúgbò tí à ń fún ní iná wákàtí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ wákàtí tí yóò dé, kò sí ohun tí à ń pè ní àkókò tí ọwọ́ dilẹ̀: bí àwọn ọmọ bá ti kígbe “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!” báyìí, gbogbo ilé ni yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí yóò fa omi á sáré sí ẹ̀rọ omi, ẹni tí yóò lọ aṣọ á gbé áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìlọta á bẹ̀rẹ̀, fóònù á wọ ara ògiri. Irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ oníná náà ń dúró dè pẹ̀lú, a kò sì lè ní kí ó máà dúró dè é. Níbi tí ohun gbogbo ti ṣọ̀wọ́n yìí ni ìwà ti ń hàn, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ tí Mósè sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú Léfítíkù wúlò fún wa níhìn-ín ju bí ó ti wúlò fún àgbẹ̀ lọ, pé kí olóko má ṣe kárúgbìn rẹ̀ tán dé igun oko, kí ó fi ẹ̀bá sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Oko olóko ni, òun ni ó gbìn ín, síbẹ̀ ẹ̀bá rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn baba wa sọ èyí ní ọ̀nà tiwọn, pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wákàtí àkọ́kọ́ tí iná bá dé ni ẹ̀bá oko tiwa. Omi ni kí a fi í fà, kí fíríìjì àwọn tí ń ta oògùn àti oúnjẹ gba ẹ̀mí rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kàwé. Lẹ́yìn èyí kí ọlọ́kọ̀ ki wáyà rẹ̀ bọ ihò, kí ó sì fà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láì lo ẹ̀rọ kìlówọ́ọ̀tì 7 níbi tí tiransifọ́mà kò ti lè gbà á.

Yóò ná an ní àkókò. Bóyá bátìrì rẹ̀ kò ní kún kí iná tó lọ, tí yóò sì gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tí yóò wọ dáńfó bíi tiwa, tàbí, nígbà tí ojú irin bá dé Òkókómáíkò, tí yóò wọ ọkọ̀ ojú irin tí iná mànàmáná kan náà ń wà, tí ó sì ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Gbèsè tí mo sọ pé ó jẹ nìyẹn. Kì í ṣe gbèsè owó, nítorí náà kò sí iye owó tí ó lè fi san án.

Kò sì ṣòro láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ onílé wa ti mọ bí a ṣe ń bá wẹ́dà àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọta sọ̀rọ̀ lórí ìwúwo iná wọn. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ní kí ó fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ní kí ó máa ṣíwọ́ ní alẹ́. Ọkọ̀ oníná ṣì kéré níye lágbègbè wa lónìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì di ìjà. Kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé wọn nísinsìnyí: iye tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń fà, fẹ́ẹ̀sì tí ó wà lórí rẹ̀, wákàtí tí ó gbọ́dọ̀ yẹra fún, àti ohun tí ọlọ́kọ̀ yóò dá lé e nígbà tí a bá ń tún tiransifọ́mà ṣe, kí ó ju ti opó ẹlẹ́kọ lọ. Kí ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dìde ní ìpàdé ọ̀hún láti sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.